Igba Ó Lé Mẹ́tàlá

Ìparí oṣù kẹsàn-án, ní ṣóńṣó Sõrve,
níbi tí erékùṣù ti na ìka kan sínú òkun Báltíìkì
bí ẹni ń táràrà wá etíkun òdìkejì nínú kùrukùru,
Salme gbé àga ìdáná rẹ̀ jáde,
ó fi í ti ògiri ahéré tí wọ́n ti ń yan ẹja,
ó ní kí n dúró lápá ọ̀tún òun,
etí ibẹ̀ ló ṣì dáa jù.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Ojú mi mú.
Tirẹ̀ ti funfun bí omi wàrà láti ìgbà yìnyín tó kọjá.
"Tarvo, ìwọ ni ojú. Èmi ni ìwé."
Ìwé ọ̀hún wà lórí itan rẹ̀, ó ń rùn bí ẹja,
Endel ọkọ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra:
ọdún mẹ́tàlélógójì ẹyẹ,
èyí tó kọjá, èyí tó ṣẹ́rí padà, ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ kọ̀.
Ojú ewé kan wà tí a kọ gbólóhùn kan péré sí:
*Ara mi ò yá.*
"Lọ́dún yẹn," Salme wí, "ẹyẹ kankan ò lọ.
Bi ìwé léèrè."

Àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ti lọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Wọn ò dágbére; wáyà iná kàn ṣófo láàárọ̀ ọjọ́ kan.
Pẹ́pẹ́yẹ òkun kọjá nísàlẹ̀ pátápátá,
bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já lọ́rùn ẹni tó ń sáré.
Àwòdì kan ṣoṣo. Ó yí po lẹ́ẹ̀mejì lórí ilé ìmọ́lẹ̀,
ó wo òkun,
ó padà sínú igbó.
"Kọ ọ́," ni Salme wí. "Ẹni tó bẹ̀rù náà, kọ ọ́."

Ẹyẹ bíńtín kan bà sórí bàtà rẹ̀,
kò wúwo ju owó ẹyọ kan lọ, ìlà wúrà lágbárí,
ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò ráyè bẹ̀rù ènìyàn.
A ò mí. Tíì tutù sí wa lọ́wọ́.
Ìgbà tó fò ni mo tó sọ fún un.
Ó ní òun rò pé ewé ni.

Ká tó rí wọn la ti gbọ́ wọn,
àwọn àgùfọn ìhà àríwá, àwọn tí kò dé adé,
aláwọ̀ eérú, ọrùn nà síwájú, ẹsẹ̀ nà sẹ́yìn,
wọ́n ń ké bí ilẹ̀kùn abà tí ẹnikẹ́ni ò fi epo sí.
Mo kà. Mo fi ìka kà, mo fi ètè kà,
mẹ́wàá mẹ́wàá, bó ṣe kọ́ mi,
títí kùrukùru fi gbé ìrù wọn mì.
"Igba ó lé méjìlá."
Pẹ́ńsù dúró lókè.
"Igba ó lé mẹ́tàlá."
"Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì!"
"Ohun tí o rí lo kà. Dákẹ́."

Mo dákẹ́. Òkun ń fọ òkúta.
Igbe ńlá wọn ti ń jìnnà,
àfi lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, tín-ín-rín,
fíí,
fíí,
ohùn tí kò tíì gbó,
ọmọ ọdún yìí tó ń fọn tọ ìyá rẹ̀ nínú funfun.
Àgbà kan dáhùn láti iwájú, lẹ́ẹ̀kan péré.

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò;
ojú tèmi ni kò tó o.

Ó na pẹ́ńsù sí mi.
Mo kọ iye náà sísàlẹ̀ ìkọ̀wé Endel,
lẹ́tà mi tóbi jù, ó gun ìlà.
Ó fi àtàǹpàkò pa á, bí ẹni ń wò bóyá ó ti gbẹ,
ó ní kí n gbé àga wọlé,
ọ̀dùnkún ṣì ń bẹ nílẹ̀ tí a ò tíì wú.